Ìdámẹ́rin Iná ni a ń Pè ní Ìdajì

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin àkọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. A mọ̀ dájú pé àwọn kan yóò ṣí ojú ewé yìí kọjá bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ ìṣirò. Àwọn gan-an ni a ní lọ́kàn.

Ẹ lọ sí Mòwé, ẹ lọ sí Ìbàfò, ẹ lọ sí Ifọ̀, kí ẹ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan ní agogo méje alẹ́. Bí iná bá tilẹ̀ wà, gílóòbù yóò pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú, fáànù yóò sì máa yí bí ọmọ tí a fi pàṣán rán níṣẹ́. Onílé yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Lóò kọ́rẹ́ǹtì ni o. Ìdajì iná ni wọ́n fún wa." Ì báà ṣe olùkọ́, ì báà ṣe akọ̀wé báńkì, ì báà ṣe baálẹ̀ fúnra rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Àwa sì wí pé àṣìṣe méjì ni ó wà nínú gbólóhùn kúkurú yìí, àti pé owó wa ni a fi ń sin àṣìṣe méjèèjì. Kọ́rẹ́ǹtì kọ́ ni ohun tí ó kọ́kọ́ wálẹ̀. Ohun tí ó sì kù kì í ṣe ìdajì.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná tí ó yẹ kí gbogbo onílé mọ̀ bí ó ti mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Èkíní ni ipá tí ń ti iná gba inú wáyà. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní fólítéèjì, fólítì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ìṣàn, èyíinì ni kọ́rẹ́ǹtì, iye iná tí ń kọjá. Ámpíà ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdènà tí iná ń bá pàdé lọ́nà, ómù sì ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni agbára, iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe bí àkókò ti ń lọ. Wáàtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹgbẹ̀rún wáàtì sì ni kìlówáàtì kan.

Ẹni tí ó bá ti há sí títì Èkó sí Ìbàdàn lẹ́bàá Ìbàfò nígbà tí wọ́n ń tún títì náà ṣe ti mọ ìdènà ju ẹni tí ó kà nípa rẹ̀ nínú ìwé lọ. Nígbà tí títì fẹ̀, ọkọ̀ ń ṣàn. Nígbà tí wọ́n dí apá kan, ìkánjú àwọn awakọ̀ kò dín kù (ẹni tí ó gbọ́ fèrè wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀), ṣùgbọ́n iye ọkọ̀ tí ń kọjá ní wákàtí kan dín kù. Ìkánjú yẹn ni ipá. Iye ọkọ̀ tí ń kọjá ni ìṣàn. Fífún tí ọ̀nà fún ni ìdènà.

Ìlànà méjì péré ni ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ọmọ tí ó bá ti mọ ìpín àti ìsọdipúpọ̀ sì lè lò wọ́n. Fi ìṣàn pín ipá, ìdènà ni yóò jáde. Fi ìṣàn sọ ipá di púpọ̀, agbára ni yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ẹ yí ìdí kẹ́tùlù oníná sókè. Ẹ ó rí i nígbà púpọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fólítì 230, wáàtì 1000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ipá 230 bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò fi agbára 1000 ṣiṣẹ́. Fi 230 pín 1000, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ ámpíà 4.35. Fi 4.35 pín 230, ìdènà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ómù 53. Ìdènà yìí wà nínú irin tí ń gbóná nínú kẹ́tùlù náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wàyí o, kí ipá tí ó dé ilé jẹ́ fólítì 115, tí í ṣe ìdajì gan-an. Fi ìdènà 53 pín 115, ìṣàn di ámpíà 2.17. Fi 2.17 sọ 115 di púpọ̀, agbára di wáàtì 250. Kì í ṣe 500. 250 ni.

Ipá di ìdajì. Ìṣàn náà sì di ìdajì, nítorí ipá ni ó ń tì í. Ìdajì lọ́nà ìdajì, ìdámẹ́rin ni. Omi tí ìbá hó ní ìṣẹ́jú 6 yóò gbà ju ìṣẹ́jú 24 lọ, nítorí pé bí kẹ́tùlù ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gba ooru rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dúró ti omi yẹn ní òwúrọ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ti pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, kò ha ti mọ èyí ní ara rẹ̀? Ó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ni kò ní láti fi sọ ọ́.

Ẹni tí ó bá ní mítà iná lè rẹ́rìn-ín, kí ó wí pé ohun tí mítà òun kà ni òun ń san. Òtítọ́ ni. Mítà ń ka agbára gẹ́gẹ́ bí ó ti kọjá, kò sì gba owó iṣẹ́ tí iná kò ṣe. Ṣùgbọ́n mélòó ni àwọn tí wọ́n ń fojú bù fún nínú àwọn àdúgbò wa? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwé owó kì í béèrè fólítì mélòó ni ó dé ilé rẹ̀. Ní February 2020, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso iná pàṣẹ pé kí iye tí wọ́n lè bù fún ẹni tí kò ní mítà ní òpin, a kò sì bá wọn jà lórí èyí. Ó dára ju kí ó má sí òpin lọ. Láti 2020 yẹn náà ni wọ́n ti pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún, láti A dé E, gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí iná ń wà. Ẹgbẹ́ A ni a ṣèlérí ogún wákàtí fún lóòjọ́, òun sì ni wọ́n gbé owó rẹ̀ gun orí ₦225 fún kìlówáàtì kan ní wákàtí kan ní April 2024. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ń kà níhìn-ín: wákàtí. Ogún wákàtí iná tí ipá rẹ̀ jẹ́ ìdajì, lójú kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù, iṣẹ́ wákàtí márùn-ún ni. Ìlànà tí ó sọ ibi tí fólítéèjì gbọ́dọ̀ wà kò ṣàì sí nínú ìwé. Ẹni tí yóò dúró ní ìkangun òpó ní alẹ́ láti wọ̀n ọ́n ni kò sí, àwa onílé sì ni ó yẹ kí a jẹ́ ẹni náà.

Kí a tó kúrò níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí a bá "lóò kọ́rẹ́ǹtì" yìí jà tán. Nínú kẹ́tùlù, bí ipá bá wálẹ̀, ìṣàn a tẹ̀lé e wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíríìjì, àti nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí ní ẹrù tí ó gbọ́dọ̀ gbé. Bí ipá bá kéré, a máa fa ìṣàn púpọ̀ sí i láti fi gbé e. Bí ìṣàn bá sì di ìlọ́po méjì nínú wáyà kan, ooru inú wáyà náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí fíríìjì fi ń jóná ní àdúgbò tí iná kò lágbára. Ọkọ tí ó dúró tì í tí ó ń wí pé lóò kọ́rẹ́ǹtì ni ó pa á ti sọ òdìkejì ohun tí ó ṣẹlẹ̀: kọ́rẹ́ǹtì àpọ̀jù ni ó pa á, fólítéèjì tí kò tó ni ó fa kọ́rẹ́ǹtì náà wá. Bí oníṣègùn bá pe ibà ní òtútù àyà, ewé wo ni yóò já?

A mọ̀ pé àwọn ẹ̀ńjínníà yóò wí pé ẹ̀rọ tí ń yí kò ṣeé ṣírò pẹ̀lú ìlànà méjì wa nìkan, nítorí pé nínú iná wa tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ipá àti ìṣàn kì í fi ẹsẹ̀ kan náà rìn nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. A gbà. Fún kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, ìdáná oníná àti wáyà fúnra rẹ̀, ìlànà wa péye. Ibẹ̀ ni owó púpọ̀ sì ń gbà lọ.

Nítorí wáyà gan-an ni a ṣe gbé kálámù. Ìlú Mòwé àti Ìbàfò dàgbà ju òpó iná wọn lọ. Àwọn ènìyàn ń ti Èkó wá, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, òpó kò sì bá wọn rìn. Onílé a wá fa wáyà tirẹ̀ láti ibi tí òpó pin sí, a gbé e lé orí igi àti ọparun, a gba ojú ọ̀nà àti ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn kọjá, títí yóò fi dé ilé rẹ̀. Ní Ifọ̀ náà, bí ẹ bá kúrò ní àárín ìlú lẹ́bàá ojú irin, ẹ ó rí irú rẹ̀ kan náà. Kò sí ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ìdènà mélòó ni mo fà wọlé yìí?

Ọ̀kan nínú wa fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní Ìbàfò. Láti ẹsẹ̀ òpó, níbi tí mítà iná rẹ̀ wà, dé ilé jẹ́ 100 mítà ní gígùn. Iná sì ń lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà 200 mítà ni wáyà rẹ̀. Ara ìdì wáyà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 2.5 ni nínípọn rẹ̀, bàbà pọ́ńbélé ni. Ìdènà wáyà bàbà 2.5 jẹ́ bí ómù 7.4 fún 1000 mítà. 200 mítà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ómù kan àti ààbọ̀ lọ. Ó gbé kẹ́tùlù kaná ní ilé, ó sì ní kí oníṣẹ́ iná wọ̀n ọ́n. Lẹ́sẹ̀ òpó, fólítì 226. Nínú ilé, fólítì 217. Ìṣàn, ámpíà 4.1. Fólítì 9 ti sọnù sójú ọ̀nà. Fi 4.1 pín 9: ìdènà wáyà náà jẹ́ ómù 2.2. Wáyà tí a pè ní 2.5 kò nípọn ju 1.6 tàbí 1.7 lọ, bí ó bá tilẹ̀ ṣe pé bàbà ni gbogbo inú rẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹni tí ó tà á fún un, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó! Nọ́ńbà méjì àti ìpín kan, ẹ̀tàn inú rọ́bà ti hàn sí gbangba láìlo ọ̀bẹ.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú. Bí ilé náà bá tan ohun tí ń fa ámpíà 10 ní alẹ́, wáyà yẹn nìkan yóò jẹ fólítì 22, agbára tí yóò sì fi gbóná lásán jẹ́ 22 lọ́nà 10, wáàtì 220. Wákàtí márùn-ún lálẹ́, ọgbọ̀n alẹ́ lóṣù, ó di kìlówáàtì 33 ní wákàtí kan. Bí a bá fi ₦225 ti April 2024 ṣírò rẹ̀, ₦7,425 ni. Mítà iná tí ó wà lẹ́sẹ̀ òpó ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ń san owó láti fi mú ojú ọ̀nà gbóná. Bí ó bá ṣe pé wáyà bàbà 10 ni ó fà, ìdènà rẹ̀ kì bá ju ómù 0.37 lọ, ohun tí yóò sọnù kì bá sì tó ₦1,300 lóṣù. Wáyà tí ó nípọn wọ́n, a kò jiyàn. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí ká oṣù mẹ́tàlélógún, kí ẹ wá sọ fún wa èwo ni ó wọ́n jù.

Bí wáyà tí kò tó ti ń jẹ owó wa, oríkèé tí kò dára ń jẹ ilé wa. Níbi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá dì í, ìdènà rẹ̀ lè di ààbọ̀ ómù bí ìpata bá ti mú un. Ẹni tí ó gbọ́ "ààbọ̀" yóò ní kí ni ìyẹn? Kí ámpíà 15 gba ibẹ̀ kọjá. Ipá tí ó sọnù níbẹ̀ jẹ́ fólítì 7.5, 7.5 lọ́nà 15 jẹ́ wáàtì 112.5. Gílóòbù wáàtì 100 ti ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó lè di í mú nígbà tí ó bá ń tàn. Irú ooru bẹ́ẹ̀, tí ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó kó jọ sí ibi tí kò tóbi ju ọmọ ìka lọ, lábẹ́ òrùlé, lẹ́bàá pákó gbígbẹ. Nígbà tí ilé bá jó tán, wọn a ní àwọn ọ̀tá ni.

Ní ti tíránsífọ́mà, a ó sọ ọ́ ní kúkurú, nítorí ó ń dùn wá. Àwọn ará àdúgbò dá owó jọ, wọ́n ra 500 KVA, wọ́n sì pe onílù. Ohun tí 500 KVA lè gbé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan okùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ nǹkan bí ámpíà 700. Bí ilé 300 bá so mọ́ ọn, tí a pín wọn dọ́gba, ilé 100 ni yóò wà lórí okùn kan; bí ilé kọ̀ọ̀kan bá fa ámpíà 10 péré ní alẹ́, 1000 nìyẹn lórí ohun tí ó lè gbé 700. Kí ẹ tó ra tíránsífọ́mà ni ìṣirò yìí yẹ kí ó wáyé ní ìpàdé yín. Lẹ́yìn tí ó bá jó, tí ẹ tún ń dá owó kejì, a kì í ṣírò mọ́, a kàn ń gbààwẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi dá a. Àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ bá wí jùlọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n kàwé jù nínú wa. Ẹni tí ó rí ìlànà yìí ni Georg Simon Ohm. Ọmọ Jámánì ni, wọ́n bí i ní ìlú Erlangen ní 1789, alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Ní 1827, nígbà tí ó ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cologne, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Èdè ìyá rẹ̀, èdè Jámánì, ni ó fi kọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ kà á sí, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1841 ni Royal Society ti London fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ! Àwa tí a ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí alágbẹ̀dẹ wà ní gbogbo ìlú wa, ni a ń sọ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ kò lè gbọ́ ọ ní èdè bàbá rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ní a yá ọ̀rọ̀ lò, ta ni kò yá? Fólítì jẹ́ orúkọ Volta, ọmọ Ítálì. Ámpíà, orúkọ Ampère, ọmọ Faransé. Ómù, orúkọ ọmọ Jámánì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wáàtì, orúkọ James Watt, ọmọ Skọ́tílándì. Orúkọ àwọn ènìyàn ni. Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n ní àlejò gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti gbà wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó wí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Ipá, ìṣàn, ìdènà, agbára: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìyá àgbà kan ní ọjà Ifọ̀ kò gbọ́ rí?

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí kan náà, ní Abẹ́òkúta, ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní 1859. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré! Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ í lọ tí wọ́n fi yí i padà. Àwa kò rí ẹgbẹ́ ìjòyè kan ní agbègbè wa tí ó dìde sọ̀rọ̀ sí i, àwa pàápàá pẹ̀lú wọn, ojú sì ń tì wá láti kọ èyí.

Ohun kan wà ní Èkó tí a fẹ́ kí ẹ rò. Ní 1964, Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó fún ilé iṣẹ́ iná ìjọba ti ìgbà náà, wọ́n sì gbé e dúró ní iwájú olú ilé iṣẹ́ náà ní Marina. Ère náà dára púpọ̀. Wọ́n lè gbé oba Ọ̀yọ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa ṣọ́ iná, ṣùgbọ́n wọn kò rò ó rí pé kí ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ṣàngó ní oṣooṣù jẹ́ ní èdè tí Ṣàngó gbọ́. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti yí padà: NEPA ní 1972, PHCN ní 2005, lẹ́yìn náà ni wọ́n tà á ní wẹ́wẹ́ fún àwọn oníṣòwò ní 2013. Ìwé owó náà kò yí èdè padà.

A kì í gbé etí odò kí a fi itọ́ bọ́jú. Ní Papalantó, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, ni ilé iṣẹ́ ìpèsè iná Olórunṣògo wà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti pèsè sì ju kìlówáàtì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan lọ bí a bá ka apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Orí àwọn ilé wa ni okùn ńlá ń gbà kọjá lọ. A kò sọ pé kí wọ́n já okùn náà wálẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá mọ iná kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó wà ní etí odò yẹ kí ó ní igbá, kí ó sì mọ ohun tí igbá rẹ̀ gbà.

Àwọn àkọ̀wé wa ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ títí. A ti rí díẹ̀ nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì inú wọn dùn létí. Wọ́n pe iná wa ní oníwárápá, wọ́n sọ nípa ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ, wọ́n sì fi orúkọ ìjòyè mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sí nínú wọn. Ẹni tí a kọ ọ́ sí yóò kà á, yóò gbóríyìn fún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan bá dé tí ó wí pé, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí, ní agogo méje alẹ́, fólítì báyìí ni ó wà lẹ́sẹ̀ tíránsífọ́mà wa, fólítì báyìí ni ó wà ní ilé ìkẹyìn, ìṣàn jẹ́ báyìí, nítorí náà ìdènà okùn yín jẹ́ báyìí, agbára tí a rí gbà sì jẹ́ ìdá báyìí nínú ohun tí ẹ kọ sí ìwé owó wa, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sínú àpótí. Ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé mítà tirẹ̀ wá. Láti ìgbà tí Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí iná ọjà tiwọn, Abẹ́òkúta ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń sún mọ́, kì í ṣe Abuja nìkan mọ́. Ẹ má ṣe lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó sún mọ́ ilé pẹ̀lú ẹnu lásán.

Nítorí náà, èyí ni a béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìjòyè Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ra mítà ọwọ́ méjì, èyí tí ń wọn fólítì àti èyí tí a ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú láti wọn ámpíà láìgé e. Owó wọn kò tó owó àgọ́ àti àga tí a ń gbà fún ìwúyè kan. Kí a fi wọ́n sí ọwọ́ oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí àwọn mìíràn má ṣe fọwọ́ kan okùn tí iná wà nínú rẹ̀, nítorí a kò fẹ́ sin ẹnikẹ́ni nítorí ìṣirò. Kí a fi olùkọ́ kan tì í, kí olùkọ́ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ tí a fi èdè Yorùbá lalẹ̀ rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ipá lẹ́sẹ̀ tíránsífọ́mà, ipá ní ilé ìkẹyìn, ìṣàn. Kí ìwé náà máa wà ní ilé baálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè ṣí i wò.

Àwa nínú ẹgbẹ́ yìí yóò tẹ ìlànà méjèèjì, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kẹ́tùlù àti ti wáyà, sí ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Àdúgbò tí ó bá ti ní mítà tẹ́lẹ̀ kò ní láti dúró dè wá. Kí ó kọ ìlà kìíní sínú ìwé rẹ̀ ní agogo méje alẹ́ òní, nígbà tí gbogbo ilé bá ti tan iná tán.